Burhan Wolé-wolé Ọ̀rọ̀ àti Kọfí Tó Tutù

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí Ọ̀gá Burhan ṣe máa ń wọ ọ́fíìsì, nítorí ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń wọlé kò ní mọ bí ìṣubú rẹ̀ ti dùn tó.

Bàtà rẹ̀ á kọ́kọ́ dún lórí àtẹ̀gùn, kò, kò, kò. Zuhdi igbákejì rẹ̀ á fò dìde, á ṣílẹ̀kùn gbayau, á pariwo pé, "Ìmọ́lẹ̀ ti dé o!" Gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde. Burhan á dúró láàárín yàrá, á gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fá irùngbọ̀n fún, kò sì ní mira títí Zuhdi yóò fi bọ́ ẹ̀wù òtútù kúrò lára rẹ̀. Ẹ má rò pé "ẹ kú àárọ̀" ni yóò sọ bí ọmọ èèyàn. Á ní, "Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ wà ní ìkáwọ́ yín, lábẹ́ ìkáwọ́ mi."

Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan láti òkè òkun ló gbà á síṣẹ́ ní Jerúsálẹ́mù, ní apá ìlà-oòrùn ìlú níbi tí wọ́n bí òun àti bàbá rẹ̀ sí. Wọ́n fi í joyè Olùdarí Àgbà fún Ìmọ́tótó Ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ oyè náà kò le: wọn kò gbọdọ̀ pe ọmọ Palẹ́sítínì ní ọmọ Palẹ́sítínì nínú ìròyìn kankan tó bá jáde níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá òkè òkun kò là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n kàn ní ọ̀rọ̀ náà ń mú kí fóònù àwọn dún jù. Burhan ló sọ ọ́ di òfin. Ẹ mọ irú ẹni tí a bá ní kó gbálẹ̀, tó bá ti fẹ́ kí ọ̀gá yin òun, á gbá ilé, á gbá ìta, á sì gbá onílé tó sùn sórí ẹní mọ́ ìdọ̀tí. Wolé-wolé ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó rò pé wọ́n ń yin òun ni.

"Ẹ gbọ́ mi," á máa wí nípàdé, "omi mímu ni ọ̀rọ̀. Báwo ni omi mímu tó dára ṣe ń rí? Kò láwọ̀. Kò lóòórùn. Kò ládùn."

"Kò tilẹ̀ sí omi nínú rẹ̀, sà!" ni Zuhdi fi kún un, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"Gan-an! Ẹ gbọ́ ohun tí Zuhdi wí."

Obìnrin akọ̀ròyìn kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Maysun. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó na ọwọ́ sókè.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí la wá fẹ́ máa pe àwọn èèyàn náà?"

"Àwọn èèyàn wo?"

"Èmi. Ẹ̀yin. Zuhdi yìí. Ìyá tó bí yín lọ́mọ."

"Olùgbé," ni Burhan dáhùn. "Olùgbé agbègbè náà. Ó mọ́, ó tutù, kò ṣẹ́ ẹnikẹ́ni lápá."

"Agbègbè wo, sà?"

"Agbègbè náà!"

Bí ìfọ̀mọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí katakata bá wó ilé ẹni lójú ẹni, wọ́n á ní "ilé kan wó." Kí ló wó o? Bóyá ikán ni, ẹ bi ikán. Bí ìbọn bá pa ọmọdé, wọ́n á ní ọmọ náà "kú nígbà tí ìró kan ń dún nítòsí." Nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè na àwọn kan lálùbolẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń jó lójú títì, ìròyìn sọ pé "àwọn tó wọ aṣọ pupa ṣe dáadáa." Nígbà ìkórè ólífì, wọ́n ní èso ólífì ti bọ́ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gùn ún, ẹnikẹ́ni kò ká a, igi kò sì ní olóko. Ètò ìdáná pàápàá kò yọ: máklúbà tí ìyá gbogbo wa ń sè, ìrẹsì tí a ń dojú ìkòkò rẹ̀ dé sórí àwo, Burhan ní kí wọ́n máa pè é ní "oúnjẹ kan tó ti yí padà."

Ọkùnrin tó ń ka ìròyìn ni ojú rẹ̀ rí màbo. Ó ti ń sọ "ọmọ Palẹ́sítínì" láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Bó bá wá dé ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà wà, á wúkọ́. Àwọn tó ń wò ó tètè mọ ohun tí ikọ́ náà ń sọ. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ inú Ìlú Àtijọ́ ní Jerúsálẹ́mù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣeré: "Ta nìyẹn?" "Àwa ni, àwa húù-húù!" Burhan gbọ́, ó fòfin de ikọ́, ó ní kí wọ́n máa fún ọkùnrin náà ní tíì ewé séèjì pẹ̀lú oyin. Ikọ́ dáwọ́ dúró, ọkùnrin náà wá ń dákẹ́ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà sì pariwo ju ikọ́ lọ. Burhan fòfin de ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ọkùnrin náà wá ń ka ìròyìn láì mí, títí ó fi ṣubú lulẹ̀ gbì lójú kámẹ́rà. Wọ́n kéde pé olùgbé kan ti dùbúlẹ̀.

Àwọn ọ̀gá òkè òkun pe Burhan lórí fóònù, wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó dìde dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì tẹríba fún fóònù.

Lẹ́yìn èyí ni Maysun mú ìròyìn aṣọ kan wá. Obìnrin àgbà kan fi abẹ́rẹ́ kọ ọnà sára aṣọ, wọ́n gbé aṣọ náà lọ sí ibi ìpàtẹ nílẹ̀ òkèèrè, ó sì gba ipò kìn-ín-ní. Maysun gbé kámẹ́rà tọ màmá náà lọ, màmá sì sọ̀rọ̀. Burhan kì í wo àwòrán, ọ̀rọ̀ nìkan ni tirẹ̀. Ó jókòó, ó pa ojú dé, ó ní kí Maysun ka ohun tí màmá sọ.

Maysun kà á: "'Orúkọ mi ni Hilwe. Ará abúlé Lifta ni mí. Ọmọ Palẹ́sítínì ni mí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ Lifta, kó wo àyà aṣọ mi, bí àwọn ìyá mi ṣe ń rán an nìyí.'"

"Yọ Palẹ́sítínì."

"Mo mọ̀. Lifta ńkọ́, sà?"

"Lifta ti ṣófo láti ayé ogun 1948. Àwọn èèyàn á béèrè ibi tí àwọn ará ibẹ̀ wọlẹ̀ sí. Yọ ọ́."

"Orúkọ màmá ńkọ́?"

"Orúkọ ṣeé tẹ̀ lé délé. Yọ ọ́."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ tiẹ̀ hàn."

Burhan ronú. "Ojú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn máa ń jọ ibi tí wọ́n ti wá. Ẹ fi aṣọ nìkan hàn wọ́n."

Ohun tí ayé àti Burhan fúnra rẹ̀ rí lórí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn: aṣọ kan tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri. Aṣọ rán ara rẹ̀, aṣọ wọ ọkọ̀ òfurufú, aṣọ gba ẹ̀bùn ara rẹ̀. Burhan lọ jẹun ọ̀sán, ọ̀rọ̀ màmá náà sì ti pa rẹ́ lórí rẹ̀ kó tó bu òkèlè. Ohun tó bá ti pa rẹ́ nínú ìròyìn, kì í pẹ́ nínú agbárí òun náà.

Àṣé Ọlọ́run ń wò ó.

Burhan ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo, Nadim, ẹnjiníà, ọmọ jẹ́jẹ́. Nadim rí ọmọbìnrin kan tó ń ta oògùn ní àdúgbò Shuafat, Lubna lorúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ wọ́n lára débi pé Nadim ń ra oògùn ẹ̀fọ́rí láì ní ẹ̀fọ́rí. Ìyá Nadim lọ wo ọmọbìnrin náà, ó padà wálé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó kù kí àwọn ọkùnrin lọ tọrọ rẹ̀ ní gbangba.

"Bàbá," ni Nadim wí, "mo bẹ̀ yín, ẹ sọ ọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń sọ ọ́. Ẹ sọ ẹni tá a jẹ́, ẹ sọ ohun tá a wá ṣe. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ìwọ ń kọ́ èmi lọ́rọ̀? Èmi?"

"Ẹ̀mí mi ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, Bàbá. Bí wọn ò bá fún mi ní Lubna, mi ò fẹ́ ẹlòmíràn mọ́."

"Fọkàn balẹ̀. Wọ́n á ṣì máa sọ̀rọ̀ mi títí di ọjọ́ tí o máa lọ́mọ ọmọ."

Ó sọ òótọ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ pé. Burhan kó àwọn èèyàn ńlá jọ: adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin kan tó ní ilé ìtura, àti Zuhdi, tó gbé àga dání nítorí bóyá àga ilé àna kò ní bá ìdí ọ̀gá mu. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ ilé Lubna. Dókítà Muflih, onísègùn eyín, ẹ̀gbọ́n bàbá Lubna àti olórí ẹbí náà, kí wọn káàbọ̀. Wọ́n gbé kọfí sí iwájú Burhan, ooru rẹ̀ ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Bá a ṣe ń ṣe é láyé àwọn bàbá wa nìyẹn: àlejò á sọ ẹni tó jẹ́, á tọrọ ọmọ, bí onílé bá sì gbà, á ní, "Ẹ mu kọfí yín." Bí kò bá gbà, kọfí á tutù síbẹ̀, àlejò á sì dìde pẹ̀lú ìtìjú tí òjò ọdún kan kò lè fọ̀.

Burhan dìde. Ó gbé àgbọ̀n sókè. Ó dúró, ó ń retí ẹni tí yóò bọ́ ẹ̀wù fún un.

"Ẹ̀yin olùgbé ilé yìí! Àwa olùgbé ilé mìíràn kí yín. Gẹ́gẹ́ bí ohun tó dé etígbọ̀ọ́ wa, ọ̀dọ́kùnrin kan, tí wọ́n ló ń gbé lọ́dọ̀ wa, ti fi ìfẹ́ hàn sí ọ̀dọ́bìnrin kan ní agbègbè náà..."

Nadim gbé orí lé ọwọ́. Adájọ́ náà wúkọ́, ni gbogbo pálọ̀ bá bú sẹ́rìn-ín.

Dókítà Muflih kò rẹ́rìn-ín. Ó tún jókòó rẹ̀ ṣe. "Bàbá Nadim, a gbọ́ ìròyìn yín. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì sọ ẹni tí ẹ jẹ́. Ọmọ ta ni yín? Ọmọ ibo? Ṣé a máa fi ọmọ wa fún agbègbè ni?"

"A jẹ́... àwa jẹ́..." Burhan ya ẹnu. Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ bí màlúù tí kò fẹ́ sọdá afárá. Ẹnu tó ti ń gbé e mì látọjọ́ yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pọ̀ ọ́ mọ́.

Ibẹ̀ ni ìyá àgbà Lubna ti jáde láti inú yàrá, ó ń tẹ ọ̀pá. Gbogbo ọkùnrin dìde. Burhan wo aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ tàn.

"Haa, Màmá! Mo mọ aṣọ yìí! Ó gba ẹ̀bùn! Àwa la gbé e jáde!"

"O mọ aṣọ," ni màmá wí. "Èmi ńkọ́, o mọ̀ mí?"

Burhan wò ó sókè, ó wò ó sílẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n.

"Èmi ni Hilwe," ni màmá wí. Ó jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Lọ́jọ́ tí ìròyìn yẹn fẹ́ jáde, mo pe gbogbo ilé jọ. Mo ní kí Lubna dì mí nírun. Mo ní kí wọ́n tẹ àbúrò mi láago ní ìlú Amman, pé kó tan tẹlifíṣọ̀n, pé mo fẹ́ dárúkọ Lifta létí gbogbo ayé. Aṣọ mi jáde. Èmi ò jáde. Àbúrò mi ń sunkún lórí fóònù, ó ní, 'Hilwe, ṣé o ti kú ni, tí wọ́n fi gbé aṣọ rẹ kọ́ sára ògiri?'"

Màmá gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan.

"Ọmọ rẹ ò ṣẹ̀ mí," ni màmá fi bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ọmọ dáadáa ni, Lubna sì fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọmọ ọmọ mi sílé tí wọn ò ti mọ ohun tí wọ́n á pe ọmọ tó bá bí. Padà sórí tẹlifíṣọ̀n rẹ, kí o sọ ẹni tí mo jẹ́. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ọ ni kẹ́ ẹ wá mu kọfí."

Wọ́n dìde. Zuhdi gbé àga rẹ̀. Kí wọ́n tó dé ìdí mọ́tò, àwọn obìnrin tó wà lórí òrùlé ti gbọ́, ẹni tó ń ta búrẹ́dì lójú pópó ti gbọ́, gbogbo Shuafat ti mọ̀ pé kọfí Burhan tutù. Nadim kò bá bàbá rẹ̀ wọ mọ́tò. Ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ sílé, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ ò rí i pé ọkùnrin náà wọ gàù? Bó bá sọ ọ́, oyè lọ. Bí kò bá sọ ọ́, ọmọ lọ. Ó pe òkè òkun. Àwọn ọ̀gá ṣèpàdé lórí màmá kan ṣoṣo bí ẹni tó fẹ́ jagun, wọ́n sì wá ọ̀nà àbáyọ. Burhan fò sókè, ó mú ìyá Nadim dání, ó tún di ilé Màmá Hilwe. Kọfí jáde. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

"Màmá, a ti rí i ṣe! Bí wọ́n á ṣe kà á rèé: 'Hilwe, obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ Palẹ́sítínì.'"

"Èmi ni mo pe ara mi? Ìyá mi ló pè mí bẹ́ẹ̀, mi ò tíì léyín nígbà yẹn."

"Kò burú, kò burú! Òmíràn tún wà. 'Hilwe, obìnrin kan tí àwọn kan ń pè ní ọmọ Palẹ́sítínì.'"

Màmá wo ìyá Nadim, ó wo Burhan, ó mi orí.

"Ó dára bẹ́ẹ̀, mo gbà," ó ní. "Ẹ lọ pe Nadim wá. Èmi náà á dúró lójú gbogbo ẹbí, màá ní mo fi Lubna fún ọ̀dọ́kùnrin kan tí àwọn kan ń pè ní ọmọ Burhan."

Yéè! Dókítà Muflih fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Nadim dìde fùú, gèlè rẹ̀ sì yọ. Obìnrin tí kì í fi "ìwọ" bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra ló wá ké mọ́ ọn:

"Burhan! Ìwọ lo kọ́ ayé ní irú ọ̀rọ̀ yìí! Wọ́n wá ń fi ọ̀rọ̀ tìẹ bi mí léèrè bàbá ọmọ mi! Ọmọ ta ni Nadim? Dáhùn!"

"Ọmọ mi ni, Ìyá Nadim, ọmọ mi ni..."

"Ẹ ẹ́n! Ta ló kọ́ ẹ pé kí o má fi 'àwọn kan ń pè é' sí i? O mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ná! Bí o kò bá sọ ti màmá yìí bẹ́ẹ̀, má wulẹ̀ wálé mi."

Burhan lọ sí ilé-iṣẹ́. Kò dúró kí Zuhdi bọ́ ẹ̀wù lára òun. Ó ní òun fúnra òun ni yóò ka ìròyìn. Zuhdi sáré lọ tẹ òkè òkun láago, Maysun sì fi máìkì kọ́ ọ lọ́rùn.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ máa lè ṣe é?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi," ni Burhan wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé náà.

Iná kámẹ́rà tàn. "Aṣọ kan..." Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Olùgbé kan..." Òógùn bò ó. Ó wúkọ́, ó tún wúkọ́. Ó di ojú, ó gbá tábìlì. "Hilwe! Hilwe ló rán an! Ará Lifta ni! Ọmọ Palẹ́sítínì ni!"

Bí ẹni tí eegun ẹja bọ́ lọ́fun rẹ̀ ló ṣe rí. Ohun tó sì tẹ̀ lé e kò sí nínú àdéhùn. Ẹnu rẹ̀ ṣí, kò sì lè pa á dé mọ́. "Máklúbà, oúnjẹ Palẹ́sítínì ni! Àwọn tó wọ aṣọ pupa yẹn, àwa ni! Ólífì kò já bọ́, àwọn olóko ló ká a! Ilé yẹn kò wó, wọ́n wó o ni! Àwọn ọmọ yẹn kò kàn kú bẹ́ẹ̀, wọ́n yìnbọn pa wọ́n, wọ́n lórúkọ, mo gbọ́ orúkọ wọn, èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ọ́..." Ohùn rẹ̀ fọ́. Ó ń sunkún lójú ayé. Ọkùnrin tó ń ka ìròyìn tẹ́lẹ̀ wà lẹ́yìn gíláàsì, ó ń pàtẹ́wọ́. Àwọn ọ̀gá òkè òkun já iná mọ́ ọn lójú.

Wọ́n lé e kó tó bọ́ máìkì. Zuhdi ni wọ́n fi joyè, ó sì ti ń gbé àgbọ̀n sókè kí Burhan tó dé ẹnu ọ̀nà. Ìròyìn àkọ́kọ́ tí Zuhdi fọ̀ mọ́ ni ti ọ̀gá rẹ̀: "Òṣìṣẹ́ kan ní agbègbè náà ti kúrò."

Burhan wò ó nílé. "Wọn ò dárúkọ mi!" Ó ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ìyá Nadim, gbogbo ọdún tí mo fi sìn wọ́n, wọn ò tiẹ̀ sọ pé èmi ni! Òṣìṣẹ́ wo? Agbègbè wo?"

Ìyá Nadim ń já ewé ọbẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń já a lọ.

Ìgbà kẹta tí wọ́n lọ sí Shuafat, kò sí adájọ́, kò sí onílé ìtura, kò sí ẹni tó gbé àga. Burhan sọ orúkọ bàbá rẹ̀, ó sọ orúkọ àdúgbò tí wọ́n bí i sí, ó sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, ó tọrọ Lubna fún Nadim ọmọ rẹ̀. Kò gùn. Màmá Hilwe mi orí sí Dókítà Muflih.

"Ẹ mu kọfí yín, Bàbá Nadim," ni Muflih wí. Àwọn obìnrin bú sí igbe ayọ̀ nínú yàrá. Nadim gbá bàbá rẹ̀ mọ́ra, kọfí sì dà sí wọn láṣọ.

Ẹ̀yin á rò pé ọkùnrin náà ti gbọ́n. Ẹ fi sùúrù díẹ̀ kún un. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé oúnjẹ kalẹ̀, Burhan dìde, ó gba máìkì lọ́wọ́ olórin. Ó gbé àgbọ̀n sókè. "Ẹ̀yin èèyàn mi!" ó ké. "Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín ohun tó ń jẹ́ ọmọ Palẹ́sítínì! Lákọ̀ọ́kọ́, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀nà tí mo là fún yín..." Ó ń sọ ọ́ lọ. Àwọn ọmọdé sùn. Ọ̀rá ẹran àgùntàn bẹ̀rẹ̀ sí í dì lórí ìrẹsì. Ó ní ó ku díẹ̀ kí òun dé orí kókó kejì.

Màmá Hilwe fi ọ̀pá rẹ̀ kàn án lẹ́sẹ̀.

"Bàbá Nadim, jókòó, ọmọ mi. Kí o tó gbà wá láyè la ti ń jẹ́ ẹ."

Ó jókòó.